Ohun Tó Dín

Ní Mọ́ńdè, àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin wọlé,
wọ́n bá igi kéékèèké lójú pátákó,
mẹ́rin dúró, ìkarùn-ún dábùú wọn,
títí dé etí fèrèsé.
Rákíyà ní, "Tíṣà, ta ló ṣe ìṣirò síbí tí kò pa á rẹ́?"

Èmi ni. Ṣọ́ọ̀kì mi ni.
Ní Sátidé, a ti bẹ́ǹṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri,
a gbé àpótí ìbò sórí tábìlì mi,
a ta aṣọ kan ṣe ìbòjú ní igun
níbi tí òrùlé ti ń jò láti èṣí.
Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọjú wo ẹni tó ń tẹ̀ka,
àfi oòrùn, tó gba ojú ihò wọlé.

Wọ́n bí mi ní Ìlá.
Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń jẹ iṣu àwọn Gbàgyi ní Tùngá Zhírì,
nítorí náà ọwọ́ mi ni wọ́n fi rẹ́jísítà sí.
Mo ń pe orúkọ bí mo ṣe ń pè é láràárọ̀.
Gimba Ayúbà.
Gimba tó ń ṣọ́ géètì wa, tó kú nígbà ìkórè ọkà bàbà.
Fọ́tò rẹ̀ ń wò mí láti inú ìwé,
fìlà rẹ̀ wọ́ díẹ̀, bó ṣe máa ń wọ́.
N kò mọ ohun tí wọ́n ń kọ síwájú orúkọ òkú.
Mo ṣí ewé kejì.

Ladí pọn ọmọ wá.
Bí wọ́n ti ń fi tàdáwà sí i léèékánná,
ọmọ na ọwọ́ láti ẹ̀yìn, ó tì í bọ ìgò.
A rẹ́rìn-ín, ọlọ́pàá pàápàá rẹ́rìn-ín:
ọmọ oṣù mẹ́jọ ti dìbò tirẹ̀, kò gbọdọ̀ tún un dì.

Bàbá Shekwolo pẹ́ lẹ́yìn aṣọ.
Ó jáde, ó ń sọ fún gbogbo ìlà pé,
"Mo tẹ̀ka fún gbogbo wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Ta ni kò fún mi níyọ̀ nínú wọn?"

Ilẹ̀ ṣú. Iná fóònù la fi ka ìbò alátùpà:
méjìdínláàádọ́rùn-ún.
Apá títì ló fún un,
nítorí òpó mẹ́ta tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú,
tí kò sí wáyà lórí ìkankan.
Alákàbà, mọ́kànléláàádọ́rin,
àwọn ará òdìkejì odò, nítorí afárá tí wọn ò tíì rí.
Ọlọ́kọ́, márùndínlọ́gbọ̀n péré,
ní abúlé tí kò sí ilé tí kò ní ọkọ́.
Mọ́kàndínlógún bàjẹ́.
Ọ̀kan nínú wọn mọ́ tónítóní:
ẹnìkan fi wákàtí mẹ́ta dúró nínú oòrùn
kó lè wá sọ pé òun kò ní nǹkan í sọ.

Igba ó lé mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀.
Orúkọ tó wà nínú ìwé jẹ́ ẹgbẹ̀ta ó lé méjìlá.

Ní èdè ìyá mi, o kò lè pe márùndínlọ́gbọ̀n
kí o má kọ́kọ́ dárúkọ márùn-ún tí kò sí níbẹ̀.
Mo ronú kan àwọn tí kò wá:
ẹni tó lọ pọnmi tí kò padà bọ̀ lásìkò,
àwọn ọ̀dọ́ tó ń gun ọ̀kadà ní Gwagwaládà,
ẹni tí inú ń bí,
ẹni tó sùn.

Mo gbé dọ́sítà, mo tún gbé e sílẹ̀.
Àyọkúrò ni iṣẹ́ òní, bó ti wù kó rí.
Mo kọ iye méjèèjì sísàlẹ̀ àwọn igi náà,
mo ní kí wọ́n dà á kọ, kí wọ́n wá ìdáhùn.
Ilé kan dákẹ́, pẹ́ńsù ń họ ìwé.
Irinwó ó lé mẹ́sàn-án.
Ọmọ Gimba, ní bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn,
ló kọ́kọ́ nawọ́ sókè.