Èló Ni Ti Wendell?

Òtútù Duluth; èémí wa ti bo gíláàsì fèrèsé.
Norbert Kowalke da orúkọ wọn sórí tábìlì
bí ẹni fẹ́ ṣa òkúta inú ẹ̀wà.
“Garrick: apá rẹ̀ ń ju bọ́ọ̀lù dé ibi tí ojú kò dé,
àmọ́ wọ́n ti la orúnkún rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.
Ìkòkò tó ti sán, ta ní í ná an pẹ́?
Tavion ni ká tà. Eré ń bẹ lẹ́sẹ̀ ìyẹn.
Àwọn ará Tulsa á fi ọmọ tuntun méjì pààrọ̀ rẹ̀,
wọn ò tíì mọ̀ pé inú ìpàdé ló ti ń sùn.”
Mo ń kọ ọ́, mo ń pa á rẹ́.

Ó ku Wendell Ostby,
ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n,
tí í fi àyà gba ìkọlù kí ẹlòmíràn lè ráyè sá.
Ta ní í ya fọ́tò ògiri?

“Èló ni tiẹ̀?”
Norbert gbé kọfí tó ti tutù mu,
ó fi ọwọ́ nu fèrèsé:
Wendell ń fi ṣọ́bìrì kó yìnyín
kúrò nídìí mọ́tò wa. Tèmi ló kàn.

Mo kọ òdo.
Ó rí roboto, bí ẹnu tó fẹ́ sọ̀rọ̀.