Ilẹ̀kùn Ìyá Mi Àgbà

Kí Wọ̀rú tó fi ayùn kan pákó,
ó jókòó ọjọ́ méjì lẹ́bàá ìkòkò omi wa,
kò sọ̀rọ̀. A rò pé ebi ló ń pa á.
Ó ń wo ìyá mi àgbà ni:
garawa omi lórí, igi ìdáná lọ́wọ́,
ó ń sọ ẹrù kalẹ̀ kó tó rí ìkọ́ àtijọ́ ṣí.

Èyí tuntun, ìgbọ̀nwọ́ lásán ló ń fẹ́.
Bó bá padé, á dún kẹ́,
kí ojú tó ń ṣe bàìbàì lè fi etí ríran.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, òjò ń ṣú lórí àpáta Ṣábẹ̀ẹ́,
ìyá mi àgbà jáde, kò lọ síbì kankan.
Ó wọlé. Ó tún jáde.

Kẹ́.