Ẹsẹ̀ Òsì Iwájú

Kó tó yọ ní kọ̀rọ̀ ni mo ti gbọ́ ọ:
kò, kò, kò, ìkẹrin wá ń yọ́ tẹlẹ̀
bí ọmọ tó pẹ́ wọlé.
Gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ òsì iwájú bá kan títì Tudun Wádà,
Akawali a sọ orí sókè.
Ọ̀nà tí ẹṣin ń gbà ké yéè nìyẹn.

Àlàájì Barau ní èjìká ni, kí n fi òróró pa á.
Iléyá ku ọjọ́ mẹ́sàn-án, gàárì tuntun ti dé láti Kánò
pẹ̀lú wajawaja pupa tó ná an ní owó akọ màlúù kan.
Tánímù tó ń tọ́jú ẹṣin ò dá sí i.
Ó di ìjánu mú, ó ń wo ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Mo kọ ẹ̀yìn sí orí ẹṣin, mo fọwọ́ tọ iṣan rẹ̀ wá sílẹ̀,
mo ní, "Gbé e fún mi, ọ̀rẹ́." Ó gbé e.
Pátákò náà gbóná bí ìkòkò tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ lórí iná.
Òórùn rẹ̀, ẹ jẹ́ n má sọ.
Òjò àkọ́rọ̀ ti wọ ibùso, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ti di ẹrẹ̀,
àárín àtẹ́lẹsẹ̀ tó yẹ kó le bí rọ́bà táyà
ti ń rọ̀ bí iṣu tó jẹrà.
Mo fi ọ̀bẹ ha á, mo fọ̀ ọ́.
Ìyẹn nìkan ò lè mú ẹṣin tiro báyìí.

Mo mú ọmọ owú kékeré, mo ń kan ògiri pátákò náà yí ká.
Kọ́. Kò ṣe nǹkan kan.
Kọ́. Kò ṣe nǹkan kan.
Níbi ìṣó kẹta lápá inú, ó já ẹsẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi.

Èmi ni mo kan ìṣó yẹn.
Ọjọ́ kọkànlá rèé: ọwọ́ alẹ́, fóònù ń dún nínú àpò mi,
ìyàwó mi ń bi mí iye tí n ó fi ránṣẹ́ sílé ìwé,
mo ní, "Ó ti tó," mo sì lù ú wọlé.
Ìwọ̀n irun kan ló fi sún mọ́ ẹran jù.

Mo lè di ẹ̀bi ru òjò.
Òjò ò ní ẹnu. Tánímù náà ò fẹ́ẹ̀ ní.
Ṣùgbọ́n bàbá mi, tó rọ ọkọ́ fún ọgbọ̀n ọdún l'Ógbómọ̀ṣọ́,
a máa ní irin kì í purọ́, àfi ẹni tó di ẹ̀mú mú.
Mo ní, "Àlàájì, ìṣó mi ni."

N kò ní sọ èsì rẹ̀ fún yín.
Èdè Haúsá dùn tí a bá fi ń bú ni.

Mo fa ìṣó yọ, mo ṣí bàtà irin náà sílẹ̀,
mo fi ṣóńṣó ọ̀bẹ tọ ihò ọ̀hún lọ, díẹ̀díẹ̀,
títí omi dúdú kan fi tú jáde.
Akawali mí kanlẹ̀. Èmi náà mí.
Èérí ọkà bàbà, omi gbígbóná, iyọ̀ ẹ̀kúnwọ́ méjì,
àpò fẹtiláísà lé e lórí, rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ so ó.
Mo ní kí Tánímù kó ibùso náà gbẹ, kó da iyanrìn sí i,
kó má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gùn ún.
"Bó jẹ́ ọba ńkọ́?"
"Bó jẹ́ ọba."

Wọ́n ní ẹni tó gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀.
Wọn ò sọ pé ẹṣin fúnra rẹ̀ ò tíì kúrò nílẹ̀ rí,
pé ibi tó fi kan ilẹ̀ ò ju àwo ọbẹ̀ kan lọ,
orí rẹ̀ ni gàárì, wajawaja àti ọlá Àlàájì dúró lé.

Ọjọ́ Iléyá, ìbọn dún lápá ààfin.
Akawali na etí. Ó ń fẹsẹ̀ ha iyanrìn:
ọ̀tún ló fi ń ha á, òsì ló fi dúró.
Mo rí i, n kò wí.

Ní ọjọ́ kẹtàlá Tánímù mú un jáde sórí títì.
Mo yíjú sí ògiri kí ojú mi má baà tàn mí jẹ.
Kò, kò, kò, kò.
Mo ní kó tún rìn.