Ilé-Ìwé Ẹ̀yìn Pèrègún

Kò ní ògiri. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.
Pèrègún ni wọ́n fi ṣọgbà yí i ká
lábẹ́ igi obì mẹ́ta, ní Odò-Iyanrìn,
lọ́nà oko tó já sí Ìṣarà.

Tíṣà Ọnàfowókàn, oníkẹ̀kẹ́ tí kò ní bíréèkì,
kó ọmọ mẹ́rìnlá jókòó sórí ìtì ọ̀pẹ.
Ẹ̀gẹ́ gbígbẹ ni ṣọ́ọ̀kì rẹ̀.
Pátákó rẹ̀, ilẹ̀kùn yàrá ìyá rẹ̀ tó kú;
ihò kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lára rẹ̀.
Bí ọ̀rọ̀ bá wọ́n ọn lẹ́nu,
a ki ìka bọ ihò náà, a dákẹ́.

Èmi ò sí lára àwọn mẹ́rìnlá.
Bàbá mi ní, "Obìnrin tó bá mọ̀wé
á ka gbèsè ọkọ rẹ̀ sójú ayé."
Agbọ̀n obì ni wọ́n gbé fún mi lẹ́yìn ọgbà.
Ọwọ́ mi ń bó obì. Etí mi ti wọlé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dé GB,
Tíṣà ní, "Ẹ pa ètè pọ̀, bí ẹni fẹ́ gbé nǹkan mì.
Gbàgede. Gbòdògì."
Kò rántí gbànja, èyí tó wà lọ́wọ́ mi!
Mo fẹ́ pariwo. Mo pa ètè pọ̀.
Mo fi èékánná kọ ọ́ sára obì kan tó pọ́n,
wíwọ́, bí ẹsẹ̀ adìyẹ,
mo dì í mọ́ àwọn yòókù nínú ewé.
Ọkọ̀ gbé e dé Ṣàgámù,
rélùwéè gbé e lọ sí Kánò.

Wọ́n jẹ ìwé àkọ́kọ́ tí mo kọ láyé.
Ṣé ẹni náà tilẹ̀ wò ó kó tó bù ú jẹ?

Aṣojú ìjọba dé lọ́dún kejì:
kò sí ògiri, kò sí ṣáláńgá, kò sí ìwé-àṣẹ.
Tíṣà ní, "Ọ̀gá, òjò nìkan ló ń bá wa jà."
Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó kọ nǹkan.
Kí obì ọdún náà tó pọ́n tán, kẹ̀kẹ́ ti lọ.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n pè mí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ níbẹ̀.
Pèrègún ti ga ju òrùlé lọ,
kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣọ́.
Wọ́n gbé íńkì ìtẹ̀ka síwájú mi.
Mo ní, ẹ fún mi ní bíró.
Ẹfúngbadé. Mo rọra kọ ọ́.
Nígbà tí mo dé àárín,
ó ku díẹ̀ kí n fi èékánná ṣe é.