Ìbéèrè Kẹtàdínlógún

Rúpìì mẹ́wàá ni mo gbà lọ́wọ́ Tulasa
lọ́jọ́ tó ní kí n bá òun fi ọ̀rá bo ìwé ẹ̀rí.
N ò yọ kọ́bọ̀ kúrò níbẹ̀. Ọ̀rá wọ́n,
ẹ̀rọ mi sì ti ń mí hẹlẹhẹlẹ bí arúgbó tó gun òkè.

Ìsàlẹ̀ ọ́fíìsì rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ní Butwal,
níbi tí odò Tinau ti ń jáde láàrin òkè
tó sì tẹ́ sílẹ̀ lójijì bí ẹni tó rí ẹní.
Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi ń ṣe ẹ̀dà pásípọ́ọ̀tù
fún àwọn ọmọ tó ń gun àtẹ̀gùn lọ bá a,
irun tí wọ́n fi omi tẹ̀ mọ́lẹ̀,
owó tí bàbá wọ́n yá nínú ìbọ̀sẹ̀.

Nígbà náà, ìbéèrè méjì péré ni Tulasa mọ̀.
Pásípọ́ọ̀tù dà? Owó dà?
Bí méjèèjì bá ti pé, ọmọ ti dé Dóhà nìyẹn.
Kì í ṣe ìkà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.
A máa ra tíì fún wọn, a sì máa ṣàdúrà.
Ṣùgbọ́n inú rere nìkan ò lè mọ ẹni tí òòyì ń kọ́.

Òun ló rán Khimlal lọ sórí àkàbà irin,
ilé alájà méjìlélógún,
Khimlal tí kò lè gun igi gúáfà ilé bàbá rẹ̀.
Gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Kò sẹ́ni tó bi í.
Orí kẹ̀kẹ́ arọ ló bá padà wálé.
Ìyá rẹ̀ ò bú ẹnikẹ́ni;
ó kàn wá jókòó sórí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì
láti àárọ̀ títí mo fi ti ilẹ̀kùn.

Wọ́n ní abéèrè kì í ṣìnà.
Bí ẹni tó ń báni wáṣẹ́ ò bá wá béèrè,
ọmọ ta ni yóò ṣìnà?

Ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni Tulasa
nígbà tó lọ forúkọ sílẹ̀ ní Bhairahawa.
Oṣù mẹ́sàn-án, gbogbo Sátidé,
ìwé òfin iṣẹ́ nínú àpò ìrẹsì.
Ó fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan. Ó sunkún sórí ẹ̀rọ mi,
mo ní kó má jẹ́ kí omi wọ inú rẹ̀.
"Ìbéèrè kẹtàdínlógún ló pa mí," ló wí.
"Kí ni wàá kọ́kọ́ bi ẹni tó fẹ́ iṣẹ́?
Mo kọ pásípọ́ọ̀tù. Wọ́n fún mi ní òdo."

Ìwé náà ti wà lára ògiri báyìí,
ó tẹ̀ díẹ̀ sí òsì.
N ò ní purọ́: bébà ni. Iná lè jó o,
èkúté lè fi tẹ́ ibùsùn.
Ṣùgbọ́n àjà mi fẹ́lẹ́, mo sì ń gbọ́ wọn lókè:
Ṣé òòyì máa ń kọ́ ọ bí o bá wà níbi gíga?
Ta ló ka àdéhùn yìí sí ọ létí?
Èló ni bàbá rẹ yá, èlé rẹ̀ ńkọ́?
Bí iṣẹ́ náà ò bá rí bí wọ́n ṣe wí, ta ni wàá pè?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sọ fún ọmọ kan pé rárá.
Ó fìbínú sọ̀ kalẹ̀, ó dá títì kọjá
sọ́dọ̀ Puskar, ẹni tí kì í béèrè nǹkan kan.
Tulasa dúró lójú fèrèsé, ó ń wò ó
bí ẹni tí owó rẹ̀ já sódò.
Ẹ̀dà ìwé ọmọ náà ṣì gbóná lọ́wọ́ mi.

Lánàá, ìyá Khimlal tún gun àtẹ̀gùn wá,
pẹ̀lú àbúrò Khimlal. Kò mọ̀wé.
Ó fi ìka kan ọ̀rá ara ògiri.
"Àwọn tó fún ọ ní èyí, ṣé wọ́n bi ọ́ ní ìbéèrè?"
"Wọ́n bi mí."
"Ó le?"
"Ó le."
Ìyá fa àga, ó ní kí ọmọ jókòó.
"Ó dáa. Ó yá, bi òun náà."