Pápá Tí Kò Lórúkọ

Òjò ò dá, òjò ò sì rọ̀ délẹ̀,
irú èyí tí í rin ojú ènìyàn bí ìgbà tí ẹnìkan ń sín sí i.
Ní gbọ̀ngàn páríìṣì Kilnaveagh, lọ́sẹ̀ ìrántí ohun àjogúnbá,
wọ́n tẹ́ àwòrán ilẹ̀ sórí tábìlì táwọn ọmọ fi ń gbá bọ́ọ̀lù ẹyin,
ife tíì mẹ́rin ló tẹ igun rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Attracta Tansey ló pè wá.
Tíṣà ni tẹ́lẹ̀; ìfẹ̀yìntì ò gba ẹfun lọ́wọ́ rẹ̀.
Ó ní, "Ìjọba mọ iye éékà tí pápá kọ̀ọ̀kan jẹ́.
Ta ló mọ orúkọ rẹ̀?"

Ni àwọn àgbà bá ń da ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lẹ́nu.
Èyí ni Garraí an Tobair,
nítorí kànga tó wà nídìí igi ẹlẹ́gùn-ún.
Ìyẹn ni Páirc na nGabhar, pápá ewúrẹ́,
bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí baba ẹni tó ń sọ̀rọ̀
ewúrẹ́ kan ò tẹ ibẹ̀.
Ewúrẹ́ ti lọ. Orúkọ wọn ṣì ń jẹko.

Sorcha, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ń fi pẹ́ńsùlù pupa kọ ọ́.
Èdè Áírìṣì tirẹ̀, ti ilé ìwé ni, ó gún bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀;
ti àwọn àgbà ní ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀.
"Ẹ tún un pè," ó ń wí. "Ẹ rọra."

A wọ bàtà rọ́bà, a jáde.
Edivaldo, ará Bùràsílì tó ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ ẹran,
gbé agboòrùn lé Attracta lórí,
agboòrùn tí kò gba oòrùn rí láyé rẹ̀.
A gun ògiri òkúta, a fo odò kékeré,
títí a fi dé igun kan tí èsìsì bò,
tí kò ju ilé méjì lọ.
Lórí àwòrán, òfo ni.
A wo ara wa lójú.
Orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni, wọ́n ní;
ilẹ̀ tí kò lórúkọ ńkọ́, kí la ó fi fà á padà?

Malachy Geoghegan ti jókòó sórí ògiri.
Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún, kò tíì sọ nǹkan kan láti àárọ̀
àfi pé ṣúgà ò tó nínú tíì òun.
Ó ní ìyá ìyá ìyá òun ló sọ ọ́.
Igi kan ń bẹ lọ́rùn rẹ̀ nílé ìwé, okùn ni wọ́n fi so ó;
gbogbo ọ̀rọ̀ Áírìṣì tó bá bọ́ lẹ́nu rẹ̀, wọ́n á fi ọ̀bẹ ṣá igi náà,
ojú ọ̀bẹ mélòó, pàṣán mélòó, kí ilẹ̀ tó ṣú.
Nítorí náà, bí wọ́n bá ti jáde,
ibí yìí làwọn ọmọ ń sá sí, wọ́n á dọ̀bálẹ̀ sáàárín èsìsì,
wọ́n á sọ gbogbo ohun tí wọ́n ti gbé mì.

"Gort an Chogair," ni Malachy wí.
Pápá ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.
Òun pàápàá kẹ́lẹ́ ló fi pè é, bí ẹni pé tíṣà kan ṣì wà lẹ́yìn ògiri.

"Mi ò gbọ́," ni Sorcha wí.
Baba náà wẹ̀yìn.
Ó wá ké e,
màlúù tó wà lódìkejì gbé orí, koríko lẹ́nu.

Ìwé ti rin, pẹ́ńsùlù fà á ya.
Ọmọ náà kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ òsì,
ó di ìkúùkù lé e lórí títí a fi padà dé gbọ̀ngàn.

Ìyá rẹ̀ ní kó lọ fọwọ́ kó tó mú búrẹ́dì dídùn.
Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló fọ̀.