Àwọ̀n Tí Wọ́n Ń Fọ̀

Àpótí ìwé orin méjì ni mo gbé wá sí Mákòkó,
èdè Yorùbá ni gbogbo rẹ̀.
Bàtà gogoro kan wà lẹ́sẹ̀ mi. Mo rántí bàtà náà
torí òun ló kọ́kọ́ mọ̀ pé a ti ṣìnà:
ó há sí àlàfo pákó, ó dúró síbẹ̀,
èmi ń lọ.

Ọmọ ọdún méje ló fi ọkọ̀ gbé mi dé ilé ìjọsìn.
Sẹ̀nàmì lorúkọ rẹ̀. Àjẹ̀ gùn jù ú lọ.
Mo fẹ́ dìde wo ìlú tí Olúwa fi lé mi lọ́wọ́,
ó ní, "Jókòó sáàárín."
Lọ́dọ̀ wa ní Ìkọ̀lé, ọmọdé kì í pàṣẹ fún àgbà.
Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa ní Ìkọ̀lé, ilẹ̀ kì í mì.

Oṣù mẹ́ta ni mo fi wàásù nípa èéfín.
Mo ní kí wọ́n gbé ààrò ẹja jìnnà sẹ́nu ọ̀nà,
mo ní ìmọ́tótó ló tẹ̀ lé ìwà-bí-Ọlọ́run.
Ìyá Agosù ń yí ẹja lórí iná,
ojú rẹ̀ pọ́n, kò fèsì.
Nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀,
owó ẹja yíyan náà ló ra oògùn,
èéfín náà ló lé ẹ̀fọn kúrò lórí ẹní mi.
N kò wàásù nípa èéfín mọ́.

Mo wá ní n ó kọ́ èdè wọn.
Ìwé kékeré kan, gègé kan,
àti ìgbóyà ẹni tó ti kàwé rí.
Lọ́jọ́ Ìsinmi kan mo gba àdúrà Olúwa lédè Ègùn,
láti orí dé ìdí, ojú mi dì pa.
Ẹ̀rín àwọn ọmọdé ló là á.
Otọ́ ni bàbá. Otọ̀ ni ọ̀sà.
Mo ti ń ké pe ọ̀sà wa tí ń bẹ lọ́run!
Èmi tí mo fi ohùn lásán ya ọkọ́ kúrò lára ọkọ̀ láti kékeré.
Bàbá Hunsu nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.
Ó ní, "Kò burú. Òun náà ti bọ́ wa."

Ó wá di ọjọ́ tí mo ka ìtàn Símónì,
bí Jésù ṣe bá àwọn apẹja létí omi, tí wọ́n ń fọ àwọ̀n wọn.
Ọdún mọ́kànlá ni mo ti fi ẹsẹ yìí wàásù,
mo mọ ibi tí ìjọ ti máa ń pàtẹ́wọ́.
Mo ti ń sáré lọ síbi ẹja.
Bàbá Hunsu nawọ́ sókè:
"Dúró. Wọ́n ń fọ̀ ọ́, àbí wọ́n ń jù ú?"
Mo wo ìwé. Mo ní wọ́n ń fọ̀ ọ́.
Ó ní, "Háà," ó yíjú sáwọn ọkùnrin yòókù,
wúyẹ́wúyẹ́ gba ilé pákó náà kan.
"Ẹni tó ń fọ àwọ̀n ti gbà pé òun pàdánù.
Ilẹ̀ ti mọ́. Ẹja ti ń rí òjìji okùn nínú omi.
Ìyàwó ti gbé agbada ka iná, kò rí nǹkan fi sí i.
Kí ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà kan wá ní kí o tún jù ú,
kí o sì padà wá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì lórí ebi!
Ìyẹn le. Ti ẹja rọrùn."

Mo pa ìwé dé.
Mo jókòó sórí pákó láàárín àwọn obìnrin,
ó bá ìwàásù lọ ní èdè rẹ̀.
Mo gbọ́ tó ìdajì.

Ọ́fíìsì ìjọ wa ní Yábàá fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́:
ọkàn mélòó la jèrè, ìwé orin mélòó ló kù?
Ti ìwé orin, mo mọ̀: òjò ti ba àpótí kan jẹ́,
èkejì la gbé sábẹ́ ìjókòó Bàbá Hunsu
nítorí eékún tó ń dùn ún.
Ti ọkàn, mo fi àyè rẹ̀ sílẹ̀.

Sẹ̀nàmì ti gbọ́kọ̀ dé.
Ó ti ga sí i, àjẹ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ gùn mọ́.
Kí n tó gbé ẹsẹ̀, mo bi í níbi tí n ó jókòó sí,
bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ ọ́n.